Mo fẹ́ mú Mọ̀mí lọ wo ààfin olódi Stirling: ta ló ti lọ rí?

ÌyáÌbejì_Glasgow

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mọ̀mí mi dé láti Òṣogbo lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, wọ́n wá bi mí lánàá pé, "Ṣé ṣọ́ọ̀bù nìkan ló wà nílùú yìí ni? Àwọn ọba wọn ńkọ́? Ibo ni wọ́n ń gbé?" Edinburgh ni mo kọ́kọ́ rò, àmọ́ ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ní kí n lọ sí Stirling, pé èrò ibẹ̀ kì í pọ̀ tó ti Edinburgh.

Àwọn ìbejì ti pé ọdún 8, wọn ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Orúnkún Mọ̀mí ò sì fi bẹ́ẹ̀ dára, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Ṣé òkè yẹn ò ní pọ̀ jù fún wọn? Kí la máa wò tí kò fi ní jẹ́ pé òkúta la kàn lọ wò bọ̀? Ẹ bá mi sọ ìtàn ibẹ̀ díẹ̀ náà, torí tíṣà ni Mọ̀mí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n máa bi mí ní ìbéèrè, mi ò sì mọ nǹkan kan.

Bọ̀dáTáàsì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àlejò o. Mọ̀mí, ẹ káàbọ̀ sílùú òtútù. Stirling ni mo ti ń wa táàsì, òkè yẹn ni mò ń gùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ni kẹ́ ẹ wọ̀. Queen Street lẹ ti máa wọ̀ ọ́ ní Glasgow o, kì í ṣe Central. Kò tó wákàtí kan tí ẹ fi máa dé. Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ má jẹ́ kí Mọ̀mí fẹsẹ̀ gun òkè náà. Ẹni tí ara rẹ̀ le á rìn ín ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, àmọ́ òkè ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, òkúta sì ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà láwọn ibì kan. Tí òjò bá ti pa á, á máa yọ̀ bí ewédú. Ẹ wọ táàsì gòkè, kí ẹ máa rọra fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nísàlẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń padà.

Àwọn tó ń wa mọ́tò ara wọn, ibi ìgbọ́kọ̀sí wà lókè pátápátá, owó ni, ó sì máa ń tètè kún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ti rí àwọn tó yípo lẹ́ẹ̀mẹrin.

ÀǹtíNọ́ọ̀sì

Bọ̀dá, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ fẹ́ pa Mọ̀mí olómọ ni? Sísọ̀ kalẹ̀ ló ń pa orúnkún jù gígùn lọ! Táàsì lọ, táàsì bọ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ fi owó yẹn sílẹ̀.

Nínú ààfin gan-an, ilẹ̀ ibẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀, òkúta wẹẹrẹ ló sì wà nílẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ sọ bí orúnkún Mọ̀mí ṣe rí, kí ẹ bi wọ́n léèrè ìrànlọ́wọ́ tó wà fún arúgbó. Orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni kí ẹ ti ra tikẹ́ẹ̀tì, ó máa ń dínwó ju ti ẹnu ọ̀nà lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, gèlè kọ́ o. Mo mú ìyá ọkọ mi lọ lọ́dún kan nínú oṣù kẹrin. Oòrùn ràn, a rò pé gbogbo nǹkan ti dára. A yọ sí etí ògiri báyìí, atẹ́gùn gba gèlè lórí wọn bí ìgbà tí èèyàn já ewé lórí igi. Gbogbo wa ń wò ó, ó ń fò lọ lókè ibojì àwọn ará ìlú tó wà nísàlẹ̀ àpáta, aṣọ òkè aláwọ̀ àlùkò! Wọ́n ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Fìlà onírun ni kí Mọ̀mí dé.

ÌyáÌbejì_Glasgow

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, àǹtí. Ẹ ṣé o. Fìlà onírun wà nílé. Ìtàn ńkọ́ o?

Olùkọ́Àgbà

Ìyá Ìbejì, ọmọdé ni mo fi ìtàn kọ́ títí irun mi fi funfun, ẹ jẹ́ kí n gba èyí sọ. Ẹ bá mi kí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi.

Tẹ́ ẹ bá dé òkè, ẹ má tíì wọlé. Gbàgede ńlá kan wà níwájú ẹnubodè, ère Robert the Bruce, ọba Skọ́tì kan láyé àtijọ́, wà níbẹ̀. Ẹ mú Mọ̀mí lọ sí etí ògiri, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Ẹ máa rí odò kan tó ń lọ́ bí ejò nínú pẹ̀tẹ́lẹ̀. Odò Forth nìyẹn. Láyé ìgbà náà, àbàtà ló kún pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn, Stirling sì ni ibi tó kẹ́yìn tí wọ́n ti lè rí afárá gbà kọjá kí odò tó fẹ̀ lọ pàdé òkun. Ẹni tó bá ń kógun láti gúúsù lọ sí àríwá Skọ́tílándì, ibẹ̀ ni yóò gbà. Àpáta rèé lókè, tó ń wò ó láti orí débi ẹsẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sórí àpáta yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀ náà wà. Tí èyí bá ti yé Mọ̀mí, wọn ò nílò kí ẹnikẹ́ni há ọdún sórí fún wọn.

Ilé gogoro kan wà lórí òkè kejì lọ́ọ̀ọ́kán. Wallace, ọ̀gágun Skọ́tì kan, ni wọ́n kọ́ ọ fún, ọdún 1869 ni wọ́n parí rẹ̀. Òkè yẹn gan-an ni William Wallace àti Andrew Moray kógun dúró sí ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1297. Afárá igi ló wà nígbà náà, ẹlẹ́ṣin méjì péré ló lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kọjá bí omi tó ń kán. Àwọn Skọ́tì ò mira. Wọ́n dúró títí àwọn tó ti kọjá fi tó iye tí apá wọn lè ká, nígbà náà ni wọ́n ya bò wọ́n, tí wọ́n gba ẹnu afárá mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn tó kù ní òdìkejì kàn ń wòran ni. Moray fara gbọgbẹ́ nínú ogun ọjọ́ náà, kò pẹ́ tó fi kú, ni orúkọ Wallace bá bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó máa ń dùn mí.

Ọdún 1304, Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, padà wá dó ti odi náà. Ó ní kí wọ́n kan ẹ̀rọ ajùkò ńlá kan, Warwolf ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ṣí òjé lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kiri kí wọ́n lè rí òjé tí wọ́n máa lò. Àwọn tó wà nínú odi ń wò ó bí wọ́n ṣe ń kàn án lójoojúmọ́. Nígbà tó parí, wọ́n ní àwọn ti túúbá. Edward ní rárá, ẹ padà sínú ilé, mi ò tíì dán nǹkan tuntun mi wò! Ó sọ òkò rẹ̀ tẹ́rùn kó tó gba ìtúúbá wọn. Ẹ sọ èyí fún àwọn ìbejì.

ỌmọAbẹ́òkúta

Olùkọ́, ẹ kú làákàyè. Àwa ọmọ Ẹ̀gbá mọ ohun tí àpáta ń ṣe fún èèyàn, Olúmọ ni baba. Mo fẹ́ fi kún un pé inú odi yẹn ni Wallace ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pa á. Mo rí i nínú fíìmù.

Olùkọ́Àgbà

Ọmọ Abẹ́òkúta, London ni wọ́n ti pa Wallace, ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1305. Fíìmù tí ẹ sọ yẹn, ogun afárá ni wọ́n ní àwọn ń ṣe, wọn ò sì fi afárá kankan sí i. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ti Olúmọ, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá sá wá sábẹ́ Olúmọ kí ọ̀tá má bàa rí wọn pa. Stirling kì í ṣe ibi ìsásí. Ibi tí ọba ń jókòó sí kó lè máa rí àwọn tó ń kọjá ni, kó sì lè dí wọn lọ́nà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Dundee

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo lọ lọ́dún tó kọjá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni kí n sọ: ó kọ́kọ́ já mi kulẹ̀. Mo ti rò pé màá bá òkúta dúdú tí ewéko ti bò, irú èyí tí iwin ń gbé. Mo dé inú rẹ̀, mo bá ilé ńlá kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ bíi pupa ẹyin, ó ń tàn yanran bí ilé olówó tuntun ní Lẹkki. Great Hall ni wọ́n ń pè é. Mo ní ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ èyí ni? Obìnrin tó ń mú wa kiri ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí láyé ọba James Kẹrin tó kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1503, pé wọ́n ṣe é kí ará ìlú lè máa rí i láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe parí lọ́dún 1999, àwọn ará Stirling fúnra wọn ń ráhùn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kí ẹ tẹ̀ lé àwọn amọ̀nà. Owó rẹ̀ ti wà nínú tikẹ́ẹ̀tì. Èmi kọ́kọ́ dá rìn fún wákàtí kan, mi ò rí nǹkan kan. Mo wá tẹ̀ lé amọ̀nà, ojú mi là.

ÌyáÌbejì_Glasgow

Ó rú mi lójú díẹ̀. Olùkọ́, tí ogun 1297 àti 1304 bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ló dé tí ilé tó wà níbẹ̀ fi jẹ́ ti 1503?

Olùkọ́Àgbà

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ọmọ tíṣà ni yín lóòótọ́. Ọdún 1314, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú odi, àwọn Skọ́tì yí wọn ká. Olórí odi náà dá ọjọ́: tí ogun Gẹ̀ẹ́sì ò bá dé kí ọjọ́ 24 oṣù kẹfà tó pé, òun á fi odi sílẹ̀. Edward Kejì wá lóòótọ́, wọ́n pàdé ní Bannockburn, kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jà, Bruce ṣẹ́gun. Ó gba odi tán, ó wó o! Ó ní kí ọ̀tá má bàa tún rí i lò. Torí náà, ohun tó pẹ́ jù tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kàn lónìí ni apá kan ẹnubodè àríwá, tó jẹ́ ti àwọn ọdún 1380. Púpọ̀ nínú ilé ńláńlá yòókù, láàárín 1490 sí 1600 ni wọ́n kọ́ wọn. Ogun tí gbogbo èèyàn ń lọ tìtorí rẹ̀ ò fi ilé sílẹ̀, odò àti àpáta nìkan ni ẹlẹ́rìí. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ wo ìta nìyẹn.

ÀǹtíNọ́ọ̀sì

Mọ̀mí máa fẹ́ràn inú Palace, ilé tí ọba àti ayaba ń gbé nínú odi náà. James Karùn-ún ló kọ́ ọ fún ìyàwó rẹ̀, Mary of Guise, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ẹ gbójú sókè nínú yàrá ọba: orí èèyàn ni wọ́n gbẹ́ sára igi óákù, tí wọ́n kùn ún ní oríṣiríṣi àwọ̀. Èyí tó wà lókè yẹn jẹ́ àwòkọ, àwọn ògbólógbòó tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí 1540 wà nínú yàrá míì lókè. Mo fẹ́ràn àwọn ògbólógbòó náà jù, torí ẹ máa rí ojú ọ̀bẹ lára igi, ibi tí agbẹ́gilére fà á sí, bí ẹni pé àná ló dìde níbẹ̀. Àwọn aṣọ ńlá kan tún wà lára ògiri yàrá ayaba, méje, wọ́n hun àwòrán ẹṣin oníwo kan sí wọn lára. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi hun wọ́n, 2014 ni wọ́n parí. Ìyá tó bá mọ aṣọ òfì á dúró níbẹ̀ títí.

Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni Mary, ọmọ James yẹn, nígbà tí wọ́n dé e ládé nínú ṣọ́ọ̀ṣì odi náà, ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1543. Ọmọ ọwọ́ lórí ìtẹ́!

Bọ̀dáTáàsì

Àwọn ìbejì ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ tiwọn. Ẹ sọ fún wọn pé ní 1507, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Damian so ìyẹ́ mọ́ra, ó ní òun fẹ́ fò láti orí odi yẹn lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ó fò lóòótọ́, ìsàlẹ̀ ló fò lọ. Itan rẹ̀ kán. Wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó ní ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi kún ìyẹ́ òun, pé ààtàn ni adìẹ mọ̀, kò mọ ojú ọ̀run. Mo sọ ọ́ fún èrò mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó gbàgbé ṣéńjì rẹ̀.

Ilé ìdáná ńlá náà wà, ère àwọn alásè wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹran àti ẹja. Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn lọ sí mùsíọ́mù Smith nísàlẹ̀ òkè, wọn kì í gbowó. Bọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀, àpòòtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi awọ bò. Inú ààfin yẹn ni wọ́n ti rí i, lẹ́yìn pákó ara ògiri yàrá ayaba, ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 1540. Kò sí bọ́ọ̀lù tó dàgbà jù ú lọ láyé nínú àwọn tí wọ́n ṣì rí. Ta ló gbá a síbẹ̀? Ọmọdé kan ni, màá búra.

Arìnrìnàjò

Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè, ẹnikẹ́ni ò sì tíì dárúkọ tiwa. Àwa náà wà níbẹ̀ o.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 1594, James Kẹfà ń ṣe ìrìbọmi àkọ́bí rẹ̀, Henry. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun sínú odi nítorí ọjọ́ yẹn, òun náà ló wà níbẹ̀ títí dòní. Níbi àsè nínú Great Hall, wọ́n ti pinnu pé kìnnìún ni yóò fa kẹ̀kẹ́ tí wọ́n to oúnjẹ aládùn lé wọlé. Ẹ̀rù wá bà wọ́n pé àwọn àlejò lè fòyà. Ọkùnrin adúláwọ̀ kan ni wọ́n ní kó fà á dípò kìnnìún. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n kọ nípa àsè náà nígbà yẹn gan-an. Wọ́n ṣàpèjúwe aṣọ àwọn obìnrin tó wà nínú kẹ̀kẹ́, wọn ò dárúkọ ẹni tó fà á.

ỌmọAbẹ́òkúta

Ìwọ̀sí gbáà! Wọ́n fi èèyàn rọ́pò ẹranko.

Arìnrìnàjò

Ó dùn mí bó ṣe dùn yín. Àmọ́ ẹ tún gbọ́ èyí. Ní nǹkan bí 1504, láyé James Kẹrin, ìwé ìnáwó ọba ń mẹ́nu kan onílù adúláwọ̀ kan léraléra. Wọ́n ra ẹṣin fún un, wọ́n tilẹ̀ sanwó kí wọ́n fi ọ̀dà kun ìlù rẹ̀. Ẹni yẹn jókòó dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba. Ẹ bi àwọn amọ̀nà nípa àwọn méjèèjì. Tẹ́ ò bá bi wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ò ní sọ.

ÌyáÌbejì_Glasgow (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án)

A ti lọ, a ti dé! Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Bí ó ṣe lọ rèé.

Táàsì lọ, táàsì bọ̀. Mo pè wọ́n ṣáájú, wọ́n sì tọ́jú Mọ̀mí bí ẹyin. Mo gbé ìrẹsì àti ẹran sínú fúláàsì, a jẹ ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì níta, torí owó oúnjẹ inú ibẹ̀ ga. A lo wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, kò tó.

Olùkọ́, mo ṣe bẹ́ ẹ ṣe wí. Mọ̀mí wo odò yẹn, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá fi ọ̀pá tọ́ka sí afárá òkúta tó wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ní, "Tí mo bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí omi ti fà ni màá gbà." Amọ̀nà tó wà nítòsí gbọ́ nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, ó ní ọ̀gágun kan dá irú ìmọ̀ràn yẹn lọ́jọ́ náà lóòótọ́, pé ká lọ gba ibi tí omi ti fà, wọn ò gbọ́ tirẹ̀. Orí Mọ̀mí wú, wọ́n ti sọ ọ́ fún gbogbo ará ilé lórí WhatsApp.

Ibi kan nìkan ni wọn ò fẹ́ dé. Ọgbà kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Douglas. Amọ̀nà ṣàlàyé pé ní oṣù kejì ọdún 1452, James Kejì pe Earl of Douglas, ìjòyè ńlá kan, wá, ó fún un ní ìwé pé kò séwu. Wọ́n jẹun tán, ìjà dé, ọba fi ọ̀bẹ gún un, àwọn èèyàn rẹ̀ náà bá a dá sí i. Ọgbẹ́ 26 ni wọ́n ní ó wà lára rẹ̀, wọ́n sì jù ú gba ojú fèrèsé sísàlẹ̀. Mọ̀mí ní, "Àlejò tó ti jẹun rẹ̀?" Wọ́n yí ọ̀pá wọn padà, wọn ò wọ inú ọgbà náà. Èmi náà ò wọ̀ ọ́.

Táyé fẹ́ràn ère Sátánì tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri Palace níta. Kẹ́hìndé ò kúrò nídìí bọ́ọ̀lù ní mùsíọ́mù. Ó bi mí pé ṣé ẹni tó ni ín ò wá a ni? Mo ní kó bi Bọ̀dá Táàsì.

Arìnrìnàjò, a béèrè. Amọ̀nà mọ ti kẹ̀kẹ́ àti kìnnìún, kò mọ ti onílù. Mọ̀mí ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé fún un, ọdún rẹ̀ àti ọba tó wà lórí oyè, ó sì fi ìwé náà sínú àpò àyà rẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ Kẹ́hìndé kan ti sọnù, aláwọ̀ ewé. Bọ̀dá, tẹ́ ẹ bá rí i lójú ọ̀nà òkè yẹn, tiwa ni o.

Bọ̀dáTáàsì

Màá máa wò ó. Tí atẹ́gùn bá ti gbé e, ẹ lọ wá a lọ́dọ̀ gèlè Ìyá Àǹtí Nọ́ọ̀sì.